Bí Mo Ṣe Tún Bóòtù Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà 504 Bàbá Mi Táìtì

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ sí wa ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́ níbí, ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mi ò ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí sípánà tó kan tọ́ọ̀pù, ìyẹn ìdérí ńlá tó bo orí ẹ́ńjìnnì.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ ni, a pààrọ̀ pístìn, líná (ọ̀pá oníhò tí pístìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀) àti tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì (pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù tí kì í jẹ́ kí omi jò). Mo ti gba Ọ̀wẹ̀nà lọ sí Oǹdó, mo ti gun Ìdànrè, gbogbo rẹ̀ ti tó 500 kìlómítà. Mẹkáníìkì tó tò ó ní ohun tí òun bá ti táìtì ti di nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi rédíétọ̀ ń dín díẹ̀díẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Mo lọ bá bàbá kan tí wọ́n ti ń tún Peugeot ṣe kí wọ́n tó bí mi.

"Ọmọ mi, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ò yàtọ̀ sí fóòmù tuntun. Téèyàn bá ti sùn lé e lálẹ́ mélòó kan, á tẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù 504, irin ni búlọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnnì tí tọ́ọ̀pù jókòó lé. Bí ooru bá mú wọn, alumíníọ̀mù á wú tó ìlọ́po méjì irin. Gáskẹ́ẹ̀tì àárín ló ń jìyà rẹ̀. Bó bá sì ti tẹ̀, bóòtù á dẹ̀.

Bóòtù 10 ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí wọn láti àárín lọ sí etí, mo sì fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí.

"Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan o! Má tú gbogbo ẹ̀ pọ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé, sà."

Ìkìlọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Líná 504 ò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Omi ló yí i ká, tọ́ọ̀pù ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí gbogbo bóòtù bá dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, líná lè ṣí kúrò níjòókòó rẹ̀, omi á sì wọ inú ọ́ìlì.

Mo dẹ nọ́ńbà 1 ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo. Ó ké kẹ́ẹ̀! Mo wá fi torque wrench, sípánà tó máa ń dún bí bóòtù bá ti le tó, tí mo ti yí sí iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà, fà á padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi dún káà. Bí èèyàn ò bá kọ́kọ́ dẹ̀ ẹ́, bóòtù tó ti há á jẹ́ kí sípánà dún nígbà tí kò tíì le.

Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ré kọjá àmì wọn díẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n 9 àti 10, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá, kọjá tìwọn tó ìbú ìka kan kí wọ́n tó dún. Mo tẹ̀ba, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ wọn: ipa omi tó ti gbẹ, tó funfun bí iyọ̀, wà létí gáskẹ́ẹ̀tì.

Tọ́ọ̀pù tó bá sọ̀ kalẹ̀ á yí àlàfo tápẹ́ẹ̀tì (àyè kékeré tó wà láàárín fáàfù àti ohun tó ń tì í ṣí) padà, torí náà mo wọn ìyẹn náà: 0.10 mílímítà fún ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0.25 fún ibi tí èéfín ń gbà jáde, torí pé ibẹ̀ ló ń gbóná jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí sí àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tí wọ́n ń fi dìgírì yí bóòtù wọn. Bóòtù tiwọn ti nà tán nígbà àkọ́kọ́, ó lè já.

Mo bu omi kún rédíétọ̀. Lọ́jọ́ Ajé mo tún gun Ìdànrè lọ, mo gùn ún bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo ṣí ọmọrí rédíétọ̀: omi ṣì wà níbi tí mo bù ú dé.