Ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ẹlẹ́dẹ̀: àwọn àṣìṣe tí ó ń mú kí apá oògùn má ká kòkòrò inú ìfun mọ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí a já àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́nu ọmú ni ọ̀ràn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí wọn yóò máa rin, ojú wọn yóò jìn wọnú, irun ara wọn yóò nà ró, ilẹ̀ ilé wọn yóò sì kún fún ìgbẹ́ olómi. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùsìn máa ń ṣe ni pé wọn a sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran, wọn a ra ìyẹ̀fun tẹtirasáíkílìn, wọn a sì dà á sínú omi mímu gbogbo agbo, àti èyí tí ó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le. Bí ìgbẹ́ náà bá dá, wọn a ní oògùn ni ó ṣe é. Bí kò bá dá, wọn a ra èyí tí ó gbówó lórí jù ú lọ. N kò sọ pé oògùn kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé àìtó oògùn kọ́ ni ó fa ìgbẹ́ gbuuru, ẹni tí ó bá sì ń fi oògùn dí àlàfo ìtọ́jú ń kọ́ kòkòrò inú ìfun ẹran rẹ̀ bí yóò ṣe máa bá oògùn gbé.

Bakitéríà tí a ń pè ní E. coli ni ó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà bakitéríà yìí ń gbé inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ènìyàn láìṣe ibi kankan. Àwọn tí ó ń pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ohun tín-ín-rín bí irun lára, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní F4 àti F18, èyí tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun kékeré. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, wọn a tu májèlé tí ó ń mú kí ìfun máa da omi ara sóde, ẹran náà a sì kú nítorí pé omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Nítorí náà, àṣìṣe ńlá ni kí a máa wá oògùn kiri nígbà tí a kò tíì gbé omi mímọ́ tí a pò mọ́ iyọ̀ àti ṣúgà síwájú ẹran. Àwọn kan nínú àwọn bakitéríà tí ó ní F18 tún ń tu májèlé mìíràn tí ó ń mú ìpénpéjú wú, tí ẹran a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tí ó mutí yó, tí ó sì lè kú láìṣu gbuuru rárá. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ń yára dàgbà jù nínú agbo ni ó sábà máa ń mú, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń rò pé ẹnìkan ni ó fún ẹran wọn ní nǹkan jẹ.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a ka gbogbo ìgbẹ́ gbuuru sí ọ̀kan náà. Èyí tí ó mú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti bakitéríà mìíràn tí a ń pè ní Clostridium. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, tí ó ní àwọ̀ bí ìyeyè, lè jẹ́ ti kòkòrò kan tí kì í ṣe bakitéríà rárá, tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tí a fi ń pa bakitéríà kò lè ṣe nǹkan kan sí. Fáírọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà jà ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 2020, kò sí abẹ́rẹ́ apakòkòrò kankan tí ó lè wò ó, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ wà lára àmì tí ó lè fi hàn. Owó tí a bá ná sórí abẹ́rẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ gbé, àwọn bakitéríà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìfun àwọn ẹran tí ó yè a sì ti tọ́ oògùn wò.

Èyí tí ó burú jù nínú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí ni pípo oògùn díẹ̀díẹ̀ mọ́ oúnjẹ lójoojúmọ́ kí ẹran lè tètè sanra. Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisílìn, ti kìlọ̀ lọ́dún 1945, nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel, pé oògùn tí kò tó láti pa kòkòrò ni ó ń sọ kòkòrò di ẹni tí oògùn kò ká mọ́. Ohun tí ìwọ̀n díẹ̀ inú oúnjẹ ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń pa àwọn tí kò lágbára, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó gbójú. Àwọn tí ó gbójú yìí kì í sì í dá ìmọ̀ wọn jẹ. Inú bakitéríà ni àwọn òrùka kékeré kan wà tí ó ń gbé àṣẹ àbínibí tí ó ń jẹ́ kí ó fara da oògùn, tí bakitéríà kan lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún òmíràn, àní fún èyí tí kì í ṣe ẹ̀yà tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí àṣẹ àbínibí kan tí wọ́n pè ní mcr-1 lórí irú òrùka bẹ́ẹ̀, nínú E. coli ara ẹlẹ́dẹ̀, nínú ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà, àti lára àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn. Ohun tí mcr-1 ń ṣe ni pé ó ń sọ kolistíìnì di aláìlágbára, kolistíìnì yìí sì wà lára àwọn oògùn tí dókítà máa ń fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo ìyókù bá ti kùnà. Ní Ṣáínà nígbà náà, wọ́n ń fi í sínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ kí ó lè sanra. Lọ́dún 2017 ni ìjọba wọn fòpin sí lílò ó fún ìdàgbàsókè ẹran, mcr-1 sì dínkù lára ẹlẹ́dẹ̀ àti ènìyàn lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ń ra kolistíìnì fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ láìsí àṣẹ dókítà ẹran kí ó ro ìtàn yìí dáadáa.

Àwọn kan yóò sọ pé láìsí oògùn nínú oúnjẹ, òsìn ẹlẹ́dẹ̀ kò lè pa owó. Àwọn ará Dẹ́nímáàkì, tí ẹlẹ́dẹ̀ wọ́n pọ̀ ju ènìyàn wọn lọ, fòfin de afopásíìnì, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìmúsanra, lọ́dún 1995, wọ́n sì ti yọ gbogbo ìyókù kúrò kí ọdún 2000 tó wọlé dáadáa. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tẹ̀lé wọn lọ́dún 2006. Òótọ́ ni pé ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òwò wọn kò wó. Púpọ̀ nínú wọn wá yíjú sí síńkì láti dá ìgbẹ́ náà dúró, tí wọ́n ń po tó 2,500 mílígíráàmù mọ́ kílò oúnjẹ kan. Àbùkù tirẹ̀ náà jáde nígbẹ̀yìn, nítorí pé àṣẹ àbínibí tí ó ń jẹ́ kí bakitéríà fara da síńkì máa ń bá èyí tí ó ń jẹ́ kí ó fara da oògùn rìn, Yúróòpù sì fòpin sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2022.

Kí ni a wá ń fi oògùn bò mọ́lẹ̀? Àkọ́kọ́ ni wàrà ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fún ọmọ rẹ̀ ní agbára àjẹsára nínú oyún. Inú wàrà yìí ni ó wà, ìfun ọmọ náà kì í sì í gbà á wọlé dáadáa mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 24. Ọmọ tí ó kéré jù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tì kúrò nídìí ọmú, ni ó sábà máa ń di ibùdó kòkòrò fún gbogbo ilé, síbẹ̀ ènìyàn díẹ̀ ni ó máa ń dìde lóru láti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà tí a ń gbà já wọn lẹ́nu ọmú. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni a ó mú wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá, tí a ó kó wọn lọ sí ilé mìíràn, tí a ó pò wọ́n mọ́ ọmọ ìyá mìíràn tí wọn yóò máa bá jà, tí a ó sì yí oúnjẹ wọn padà. Ìyá ni ó yẹ kí a mú jáde, kí àwọn ọmọ sì dúró síbi tí wọ́n ti mọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó gbẹ tí ó sì móoru, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ti ń tọ́ wò kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu ọmú.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge. Òwe yìí kò jàre ẹlẹ́dẹ̀ tán, nítorí pé kì í làágùn tó láti tu ara rẹ̀, ẹrẹ̀ ni ó fi ń ṣe é; bí a bá sì fún un láyè, yóò ya ibi ìgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò níbi tí ó ń sùn sí. Àwa ni a ń há wọn mọ́ra, tí a sì ń da Izal lé ìgbẹ́ lórí. Ìgbẹ́ máa ń gba agbára mọ́ oògùn ìfọlẹ̀ lọ́wọ́: ẹ kọ́kọ́ kó o, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó da oògùn sí i. Ìgbẹ́ tútù kò sì gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí oko ẹ̀fọ́, nítorí pé Salmonella, bakitéríà kan tí ó lè kó àìsàn bá ènìyàn, lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá ti ránṣẹ́ pe dókítà ẹran, ẹ fi ọmọ kan tàbí méjì tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sílẹ̀ láìfún wọn ní oògùn apakòkòrò, kí wọ́n máa mu omi iyọ̀ àti ṣúgà títí yóò fi dé. Ìdí irú àwọn wọ̀nyí ni yóò ti gba ìgbẹ́ tí àyẹ̀wò yóò fi sọ kòkòrò tí ó jẹ́ àti oògùn tí ó ṣì ká a. Bí gbogbo agbo bá ti mu oògùn kí ó tó wọlé, àyẹ̀wò náà lè má rí nǹkan kan, ohun tí yóò sì kù fún dókítà kò ju àbá lọ.