Ìrìn Àjò Mi sí Bobbio: Ìwé Tí Mo Sanwó Fún Kò Sí Níbẹ̀

Owó tí mo san fún ẹni tó ṣètò ìrìn àjò mi sí Bobbio ṣì ń dùn mí, nítorí pé ohun tí ó ṣèlérí láti fi hàn mí ti kúrò ní ìlú náà láti ohun tó lé ní igba ọdún. Ó ní n óò fi ojú ara mi rí àwọn ìwé tí àwọn mọ́ǹkì Bobbio fi ọwọ́ kọ láyé àtijọ́, ó sì gba owó ọkọ̀, owó ìwọlé àti owó amọ̀nà lé e lórí.

Bobbio wà ní àfonífojì odò Trebbia, ní nǹkan bí kìlómítà 45 sí Piacenza ní àríwá Ítálì, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 4,000. Nígbà tí mo rí afárá òkúta ìlú náà, mo gbàgbé gbogbo ìnáwó fún ìgbà díẹ̀. Ojú ihò mọ́kànlá ni ó ní, wọn kò dọ́gba, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ga, ó ń rẹlẹ̀, débi tí wọ́n fi ń pè é ní Afárá Abuké. Amọ̀nà wa sọ fún wa pé Sátánì ló kọ́ ọ ní òru ọjọ́ kan, pé ó fẹ́ gba ọkàn ẹni tó bá kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n Colombano mímọ́, ẹni tó dá ilé àwọn mọ́ǹkì ìlú náà sílẹ̀, rán ajá kan ṣáájú. Ìtàn náà dùn, àmọ́ odò ni ó jẹ́ kí afárá rí bẹ́ẹ̀: Trebbia máa ń kún lójijì, ó ń wó apá kan, ó ń yà gba ibòmíràn, àwọn ará ìlú sì ń tún un kọ́, wọ́n ń fi ojú ihò kún un láti ìran dé ìran. Èmi ni mo ṣe àlàyé yìí fún àwọn tí a jọ lọ, inú mi sì dùn pé èmi ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ láti ìgbà náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó wá dá wa dúró. Nígbà tí a dé ilé àwọn mọ́ǹkì, amọ̀nà ní kí a dúró dé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n kó àwọn ìwé náà pamọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ń fi àwòrán wọn hàn wá. Ìyá àgbà kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ó sọ òótọ́ fún wa pé Milan, Róòmù àti Turin ni kí a lọ wá wọn. Milan kẹ̀, ìlú tí èmi fúnra mi ń gbé!

Ọdún 614 ni Agilulf, ọba àwọn Lombard tí wọ́n ń jọba ní àríwá Ítálì nígbà náà, fún Colombano, mọ́ǹkì ará Ireland, ní ilẹ̀ yìí. Ọdún 615 ni ó kú síbẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ ibẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń da ìwé kọ jù lọ ní Yúróòpù. Nígbà tí awọ tí wọ́n ń kọ̀wé sí bá wọ́n wọn, wọ́n a fọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n a sì kọ òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Angelo Mai, onímọ̀ ìwé àtijọ́, ṣe rí ìwé tí Cicero, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́, kọ lórí ìṣèlú, tí ayé rò pé ó ti sọnù, lábẹ́ àlàyé Augustine lórí Sáàmù ní ọdún 1819. Ibi ìkówèésí Vatican ni ó sì ti rí i, kì í ṣe Bobbio. Kádínà Federico Borromeo ti kó púpọ̀ nínú ìwé Bobbio lọ sí ibi ìkówèésí Ambrosiana ní Milan ní ọdún 1606, àwọn mìíràn lọ sí Vatican ní 1618, àwọn Faransé sì tú ilé àwọn mọ́ǹkì náà ká ní 1803. Kò sí èyí tó pamọ́ nínú àwọn ọdún wọ̀nyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ta irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó gba owó mi. Ó dá owó ìwọlé padà, mo sì ṣì ń bèèrè owó amọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má ṣe sanwó fún amọ̀nà kankan. Rélùwéè kò dé Bobbio, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Piacenza, kí ẹ sì ti mọ aago tí ẹ óò fi padà kí ẹ tó gbéra. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí ibojì Colombano wà, kí ẹ wo àwòrán olókùúta wẹ́wẹ́ ọ̀rúndún kejìlá tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nínú mùsíọ́ọ̀mù, ẹ wá àpótí kékeré tí wọ́n fi eyín erin ṣe: àwòrán Orpheus, olórin inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, wà lára rẹ̀, ó jókòó, ó ń ta ohun èlò olókùn, àwọn ẹranko sì yí i ká. Wọ́n fẹ́ lé wa kúrò nídìí rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n mo dúró.