Bí mo ṣe to èrò psychoanalysis nípa ọmọ kékeré sórí páálí kan

Ohun tí Freud, dókítà tó dá psychoanalysis (ìtọ́jú tó ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú ọkàn ènìyàn) sílẹ̀, àtàwọn tó tẹ̀ lé e sọ nípa ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ láyé, láti 1905 dé 1985, ni mo fẹ́ kí páálí náà gbé. Mo pín in sí òpó márùn-ún: orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọdún tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ orí ọmọ, àti ọ̀nà tí onítọ̀hún gbà mọ ohun tó ń sọ: ṣé ó fojú ara rẹ̀ rí i, àbí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún un, àbí àgbà ló rántí rẹ̀. Òpó karùn-ún ló fa wàhálà jù, òun náà ló sì wúlò jù.

Freud ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ pa nǹkan rẹ́. Mo ti kó ìpele tó ní ọmọ ń gbà dàgbà, ti ẹnu, ti ihò ìdí àti ti nǹkan ọmọkùnrin, sábẹ́ 1905 pátá. Ní 1905, òótọ́ ni pé ó ti sọ pé ẹnu àti ìdí wà lára ibi tí ọmọ ti ń rí adùn, àmọ́ kò tíì tò wọ́n ní ìpele. Ti ìdí dé ní 1913, ti ẹnu ní 1915, ẹ̀kẹta di 1923. Ṣe ni Freud ń fi abala tuntun kún ìwé tó kọ ní 1905 yẹn bí wọ́n ṣe ń tún un tẹ̀. Ẹni tó bá mú ìtẹ̀jáde ìkẹyìn dání á rò pé ọjọ́ kan ló kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé dáadáa; ibẹ̀ ni ọdún tí abala kọ̀ọ̀kan wọlé máa ń wà. Ní 1924, Abraham, ọmọlẹ́yìn Freud, gé ti ẹnu àti ti ìdí sí méjì méjì.

Nínú òpó karùn-ún, "ìrántí àgbà" ló gba ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ Freud. Hans, ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹṣin, tó kọ nípa rẹ̀ ní 1909, bàbá ọmọ ló ń jábọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Freud fúnra rẹ̀ rí ọmọ náà lákòókò ìtọ́jú yẹn. Ìròyìn ò sì tó àfojúbà. Èyí tó fojú ara rẹ̀ rí wà nínú ìwé 1920: ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún kan àtààbọ̀, ń ju igi òwú tí wọ́n so okùn mọ́ sínú ibùsùn rẹ̀ tó ní aṣọ títa. Bí igi náà bá ti pòórá, á ké "o-o-o-o", èyí tí wọ́n gbọ́ sí "fort", ó ti lọ lédè Jámánì. Bó bá fà á jáde, á ní "da", òun rèé!

Melanie Klein, tó ń fi psychoanalysis tọ́jú ọmọdé, ló mú kí n la òpó ọjọ́ orí sí méjì. Ó fún ọmọ ní ohun ìṣeré kéékèèké, ó sì ń ka eré náà bí ẹni ń ka àlá. Rita, tó kéré gan-an nínú wọn, jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mélòó kan ni ohun tó kọ ní 1935 àti 1946 ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà: ọjọ́ orí ọmọ tí a rí, ọjọ́ orí ọmọ tí a ń sọ. Níbi tí méjèèjì bá ti jìnnà síra, mo fi bírò pupa yí i ká.

Winnicott kò gba pupa púpọ̀. Dókítà ọmọdé ni, ìyá àti ọmọ ló ń jókòó síwájú rẹ̀. Ní 1941 ó kọ nípa ọmọ oṣù márùn-ún sí mẹ́tàlá, tó gbé irin dídán tí wọ́n fi ń tẹ ahọ́n sí etí tábìlì fún, tó wá ń ṣọ́ bí ọmọ ṣe ń ṣiyèméjì kó tó mú un. Àmọ́ tirẹ̀ ló jẹ́ kí òpó ọdún méjì pọn dandan: ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí aṣọ tàbí ìṣeré tí ọmọ kì í fẹ́ fi sílẹ̀ ní 1951, ó di 1953 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Mahler, oníṣègùn psychoanalysis mìíràn, sọ ní 1975 pé ọmọ tuntun kọ́kọ́ ń gbé bí ẹni tó wà nínú èèpo ẹyin. Stern, oníṣègùn ọpọlọ tó tún ń ṣèwádìí nípa ọmọ ọwọ́, kọ̀ ọ́ ní 1985. Òun náà ló ya ọmọ tí olùwádìí ń fojú wò sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí oníṣègùn ń fi ọ̀rọ̀ àgbà tò pọ̀. Ìlà kan náà tí mo ti fà sáàárín òpó kẹrin nítorí Klein nìyẹn.