Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣètò ìṣúnná ilé fún ọdún tuntun

Tí ọdún bá ti yí, tí ariwo báńgà ti rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyálé ilé máa ń jókòó ti ìwé àti bírò. A óò kọ ọ́ pé a ò ní ra oúnjẹ ìta mọ́, pé owó gáàsì gbọ́dọ̀ dín kù, pé ₦20,000 gbọ́dọ̀ máa wọ báǹkì lóṣooṣù. Kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó dé ìdajì, ìwé náà ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó máa ń dun èèyàn, torí a máa rò pé àwa la ò lè kó ara wa níjàánu. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò náà fúnra rẹ̀ la gbé ka ibi tí kò ti lè dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ bùkátà ilé n'Ìbàdàn, àwọn ibi tí mo ti rí i tí ètò ti ń já nìyí.

Ẹ má fi náírà ṣe òṣùwọ̀n

Tí mo bá ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ, èyí ni màá sọ. Náírà kì í dúró lójú kan. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 pé owó ọkọ̀ òun lóṣù ò gbọdọ̀ kọjá iye kan, kí ló fẹ́ ṣe nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan? Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún ó kéré tán lójúmọ́ fún, náà gòkè láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan. Kò sí ọgbọ́n tí ìyàwó ilé lè dá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n iye yúnìtì tí ilé ń jẹ, iye ọjọ́ tí sílíńdà fi ń tán, iye kóńgò ìrẹsì tó ń wọ ìkòkò lọ́sẹ̀, ìyẹn wà lọ́wọ́ wa.

Sílíńdà kílò 12.5 ni à ń lò nílé mi. Ọjọ́ tí a bá rọ gáàsì, mo máa ń kọ déètì sára bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ọjọ́ tó bá tán, mo tún kọ ọ́. Fún ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò yí nǹkan kan padà, mo kàn ń kọ ọ́ ni: ọjọ́ 31, ọjọ́ 29, ọjọ́ 32. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ pé ọjọ́ 36 ni mo ń lé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kó tó kan iná. Kò sí ìkòkò tó gbọdọ̀ wà lórí iná láìní ọmọrí. Bí omi bá ti hó, mo máa rẹ iná sílẹ̀, torí omi tó ti ń hó kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí iná abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Mo sì tún rí i pé iná ẹnu bọ́nà kan ń pọ́n dípò kó ṣe búlúù, ó sì ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú. Omi ọbẹ̀ tó ń hó dà sílẹ̀ ló ti dí ihò rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sílíńdà tó tẹ̀ lé e lo ọjọ́ 35. Gáàsì wọ́n sí i lásìkò yẹn, owó tí mo ń ná sórí rẹ̀ kò dín kù rárá. Ká ní náírà ni mo kọ sínú ìwé, ńṣe ni ǹ bá sọ pé mo kùnà, ǹ bá sì pa gbogbo ètò náà tì, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ mi.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gàrí, fún òróró, fún iná mànàmáná. Ríǹgì tí a fi ń gbé omi kaná, bó bá jẹ́ ti 1,000 watt, yúnìtì kan ló ń mu ní wákàtí kan. Ẹ kà á. Áyọ́ọ̀nù tí à ń tàn láràárọ̀ nítorí aṣọ kan ṣoṣo náà ní iye tirẹ̀.

Ẹ má fi oṣù Ṣẹ́rẹ́ wọn ilé yín

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti gba owó oṣù kejìlá ṣáájú Kérésìmesì, owó náà sì ti fò lọ kí ọdún tó yí. Owó ilé ìwé sáà kejì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹran ọdún ṣì wà nínú fìrísà. Oṣù yẹn kò jọ oṣù mìíràn rárá. Ẹ fi ṣe àkọsílẹ̀ nìkan: ìwé kékeré kan, kí gbogbo ohun tí ẹ rà wọnú rẹ̀, títí dórí píọ́ wọ́tà. Ètò lè bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Èrèlé. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Ẹ má ra ohun tí ẹ ò ní ibi tí ẹ máa kó o sí

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń gbani ni pé kéèyàn ra nǹkan lápò, torí ó dínwó ju kóńgò-kóńgò lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti pàdánù owó tó pọ̀ jù nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe ètò yìí.

Lọ́dún kan, ní oṣù kọkànlá tí ẹ̀wà tuntun ń wọlé láti òkè Ọya, mo lọ sí Bódìjà, mo ra ààbọ̀ àpò ẹ̀wà olóyin. Ìyá ẹlẹ́wà bi mí pé, "Ìyàwó mi, níbo lẹ máa kó o sí?" Mo ní a ní stóò nílé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ má kàn gbé e tì síbẹ̀ o." Mo dúpẹ́, mo gbé ẹ̀wà mi délé, mo gbé e ti ògiri stóò, mo so ó lẹ́nu. Ẹ̀wà tó wà nílé tẹ́lẹ̀ là ń jẹ.

Nínú oṣù kejì ni mo tó tú u. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ìyẹ̀fun tó ti jò gba ojú àpò sílẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń móoru, bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ sábẹ́ adìyẹ tó sàba. Ẹ̀wà tí mo bù jáde fúyẹ́ lọ́wọ́, hóró kọ̀ọ̀kan ní ihò róbótó bí ẹni fi abẹ́rẹ́ lu ú, òmíràn ní ihò mẹ́ta. Kòkòrò ti ń rìn gun apá mi. Nígbà tí mo dà á sómi, èyí tó léfòó pọ̀ ju èyí tó rì lọ. Owó oúnjẹ wa ló léfòó yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe inú ilé wa ni kòkòrò náà ti wá. Láti oko ló ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà, ẹyin yẹn á bá a wọ àpò, á bá a dé ọjà, á wá pa nílé ẹni. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, ọmọ rẹ̀ náà ti tó ẹni tó ń yé ẹyin. Ohun tó lè ká a lọ́wọ́ kò ni kó má rí afẹ́fẹ́ mí. Kẹ́ẹ̀gì ni mo ń lò báyìí, èyí tí mo fọ̀ tí mo sì jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀. Mo máa ń sá ẹ̀wà náà kó gbẹ dáadáa, màá jẹ́ kó tutù, màá rọ ọ́ títí dé ẹnu kí àyè má ṣẹ́ kù, màá fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀, màá wá dé e pinpin. Ó di oṣù méjì kí n tó ṣí i. Kẹ́ẹ̀gì kékeré mẹ́rin sàn ju ńlá kan lọ, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i lẹ ń fún kòkòrò láyè láti mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ṣe ń ṣiṣẹ́: ọ̀rá méjì tó nípọn nínú àpò híhun kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà tàbí ẹja gbígbẹ. Májèlé ni dichlorvos tí wọ́n ń rọ sínú ìgò. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, láti 100ml wá sílẹ̀. Ẹ̀wà ọjà tó bá ń rùn bí oògùn, bó ti wù kó dínwó tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Epo pupa máa ń pọ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìgbà yẹn ló yẹ kí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wọlé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin àti aládùúgbò kan lẹ jọ dáwó rà á. Tòmátì máa ń wọ́n nínú òjò, ó sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta ni kí ẹ ra apẹ̀rẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ dín in nínú òróró, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ kí ó wọ fìrísà. Tí iná àdúgbò yín kò bá dúró, ẹ má ṣe ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Gàrí ní tirẹ̀ máa ń gbówó lórí nínú ẹ̀ẹ̀rùn, torí ilẹ̀ á le, ẹ̀gẹ́ á ṣòro fà tu. Ẹni tó fẹ́ kó gbogbo nǹkan wọlé lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, gàrí rẹ̀ á wọ́n, epo rẹ̀ á wọ́n.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú abọ́ ọmọ

Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Tí owó bá há, ẹyin ló kọ́kọ́ ń kúrò, ẹja á di pọ̀nmọ́, wàrà á jáde nínú ògì. Dátà bàbá kò dín kù, dátà ìyá kò dín kù. Pọ̀nmọ́ dùn, ó ń kún ẹnu, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ẹja lára ọmọ tó ń dàgbà. Tí ẹran bá ti kọjá agbára, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja ṣáwá, tàbí sóyà tí ẹ yan tí ẹ sì lọ̀ mọ́ ògì. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú báágì ìrẹsì tí ẹ ti tú. Kò gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó máa já a.

Ẹ má ṣe bí ẹni pé kò sí òde

Ètò ilé Yorùbá tí kò mẹ́nu kan aṣọ ẹbí kò tíì pé. "Mi ò ní ra aṣọ ẹbí kankan lọ́dún yìí" kò lè dúró níjọ́ tí àbúrò ẹni bá fẹ́ ṣègbéyàwó. Iye ni kí ẹ fi sí i. Tiwa jẹ́ méjì lọ́dún, ti ìdílé nìkan. Àwọn yòókù, mo máa ń tètè pe ẹni tó lòde, mo máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, màá wá, màá sì bá yín gbé ìkòkò, ṣùgbọ́n aṣọ ò sí lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, ẹ má bínú." Kò rọrùn láti sọ lẹ́ẹ̀kìíní. Mi ò tíì rí ẹni tó lé mi kúrò lóde nítorí rẹ̀.

Àjọ náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Àjọ ₦500 lójúmọ́ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31 jẹ́ ₦15,500. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ₦15,000 á délé. Kò burú. Ohun tó burú ni kéèyàn dá iye tó ju agbára rẹ̀ lọ, kó wá máa yáwó lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó lè rí tòní san. Òmíràn ni kí owó àjọ má lórúkọ. Tí ẹ bá ń dá a, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe kó tó délé: ti epo pupa oṣù kẹta, ti owó ilé ìwé oṣù kẹsàn-án. Owó tí kò lórúkọ, ilẹ̀ kì í ṣú bá a.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí náà: ìṣúnná yàtọ̀ sí ahun. Kéèyàn máa ná ìyá arúgbó tó gbé ata kalẹ̀ lẹ́bàá títì títí tí kò fi ní jèrè, kéèyàn máa jẹ ọmọ ọ̀dọ̀ lówó oṣù, ìyẹn kò sí nínú ètò ilé rere.

Ẹ má dá a ṣe

Ọmọ tó ṣí fìrísà sílẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé ń ka yúnìtì. Ọkọ tó ń ra súyà bọ̀ lálẹ́ kò rí ìwé tí ẹ kọ. Lọ́dún tí mo dá a ṣe, gbogbo ilé ló rò pé inú ló ń bí mi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo pe gbogbo wọn jókòó, mo fi bébà ara ògiri hàn wọ́n, mo sì gbé bírò fún ọmọ mi àgbà pé òun ni akọ̀wé.

Sílíńdà tó wà nílé báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù tó kọjá. Bírò pupa ló fi kọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, kó tó wọ bàtà ilé ìwé rẹ̀, ó gbé e mì wò, ó ní, "Mọ́mì, ó ṣì wúwo díẹ̀."