Bí a ṣe ń fi kọ́ḿbáìnì tòkunbọ̀ kórè àgbàdo àti sóyà

Nínú ọ̀pọ̀ kọ́ḿbáìnì tòkunbọ̀, ẹ̀rọ ńlá tó ń kórè, tí mo rí lóko ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ẹ́ńjìnì ò níṣòro. Dírọ́ọ̀mù tó ń yín àgbàdo ni wọn ò mọ̀ ọ́n tò.

Ẹ ti yí ọ́ìlì, ẹ ti fún gbogbo bíárìn ní gírísì. Bẹ́líìtì tó bá ti là, ilé ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ gbá koríko gbígbẹ kúrò lára ẹ́ńjìnì àti sàlẹ́ńsà, torí ibẹ̀ ni iná ti ń ràn. Èmi ò wá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kiri. Ìgbálẹ̀ àti bọ́rọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó ti gbó ti tó.

Ó wá ku dírọ́ọ̀mù. Ẹ mú ṣùkù tí wọ́n ti yín, kó jẹ́ látinú oko tẹ́ ẹ fẹ́ kórè gan-an. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ ki ṣùkù náà bọ àlàfo tó wà láàárín dírọ́ọ̀mù àti irin abẹ́ ẹ̀, lápá ibi tí àgbàdo ń gbà wọlé. Kó wọlé láìjẹ́ pé ẹ fipá tì í, kó má sì máa mì. Eré dírọ́ọ̀mù tó kéré jù tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ fún àgbàdo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ibí ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á rí hóró mélòó kan lára ṣùkù, kíá, wọ́n ti fi kún eré dírọ́ọ̀mù. Á yín in tán lóòótọ́, àmọ́ hóró á là, kòkòrò ò sì ní jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò. Ẹ kọ́kọ́ dín àlàfo kù díẹ̀. Bí ò bá tíì tó, kẹ́ ẹ wá fi díẹ̀ kún eré. Ẹ má yí méjèèjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ wakọ̀ síwájú díẹ̀, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn. Ṣùkù tó jáde lódindi tàbí tó kán sí méjì dáa. Tó bá rún wẹ́wẹ́, ẹ ti fún un jù. Ẹ bu hóró látinú táńkì sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fẹ́ eruku ẹ̀, kẹ́ ẹ wo èyí tó là. Àgbàdo oṣù kẹjọ tí omi ara ẹ̀ ṣì ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ fi sílẹ̀ ná. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tò ó tí kò ní fọ́.

Láti mọ iye hóró tó ń ṣòfò sílẹ̀, mo ká wáyà sí igun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó. Ẹ jù ú sẹ́yìn ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ ka hóró tó bọ́ sínú ẹ̀. Bó bá ń jẹ́ hóró àgbàdo 2 níbi gbogbo, bíi kílò 25 lẹ ń dà nù lórí éékà kan. Ti sóyà, hóró 4 ni, bíi kílò 27.

Bó bá kan sóyà, ẹ pààrọ̀ orí ẹ̀rọ, ìyẹn apá iwájú tó ń gé irúgbìn, ẹ dín àlàfo dírọ́ọ̀mù kù, kẹ́ ẹ gé e sún mọ́ ilẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni èso ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí omi ara ẹ̀ bá ti dín sí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, àárọ̀ ni mo ń gé e. Tí oòrùn bá ti mú, á máa bẹ́ dà sílẹ̀.

Bí pòròpórò bá há síwájú ẹ̀rọ, ẹ má fọwọ́ fà á, ẹ má fẹsẹ̀ tì í, àfi tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnì. Irin yẹn yára ju ọwọ́ èèyàn lọ.

Kẹ́ ẹ tó di àgbàdo sápò, ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, kẹ́ ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá.