Bí Mo Ṣe Yan Ọ̀pá Ìpẹja Tí Ó Bá Ọwọ́ Mi Mu

Ọ̀pá àkọ́kọ́ tí mo fi owó gidi rà fún fífi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ pẹja kò ní àbùkù kankan lára; ọwọ́ mi ni kò bá a mu. Ó fúyẹ́, ó le, gbogbo ẹni tí ó bá gbà á wò ni ó ń yìn ín, síbẹ̀ àkókò tí mo fi ń tú kókó lára okùn pọ̀ ju èyí tí ìwọ̀ mi fi ń wà nínú omi lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ra òmíràn, mo pinnu pé ọwọ́ ara mi ni n ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó wo ọ̀pá kankan. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò pọ̀, kò sì kéré: ó ju ti ọ̀pá tí wọ́n máa ń dì pọ̀ mọ́ ríìlì (ohun tí a ń ká okùn sí) àti okùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ti àwọn tí olùṣe ọ̀pá máa ń gbé síwájú ìwé ọjà wọn.

Nínú ìpẹja onídẹ, òjé tàbí ìdẹ ni ó wúwo, òun ni ó sì ń fa okùn lọ sínú omi. Nínú ti oníyẹ̀ẹ́, ìyẹ́ àti òwú tí a wé mọ́ ìwọ̀ kí ó lè jọ kòkòrò kò wúwo rárá, nítorí náà okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe kí ó wúwo. Òun ni ó ń tẹ ọ̀pá, tí ọ̀pá bá sì ń nà padà, á gbé okùn síwájú. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi wà lára ọ̀pá àti lára okùn. Ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ lára okùn ni wọ́n ń wọ̀n: bí ó bá jẹ́ gíráìnì 140, èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 9 ó lé díẹ̀, nọ́ńbà 5 ni; gíráìnì 160 ni nọ́ńbà 6, gíráìnì 210 sì ni nọ́ńbà 8. Ẹja tráótì inú odò tí kò fẹ̀ jù ni mo ń pa, nítorí náà n kò pẹ́ lórí èyí. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9, nọ́ńbà 5, tí ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ni mo ń wá.

Ibi tí mo pẹ́ sí ni ọwọ́ mi. Mo gbé fóònù lé orí àpáta kan ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo dúró sí, mo jẹ́ kí ó máa ya fídíò bí mo ṣe ń ju okùn, mo sì wò ó nílé ní díẹ̀díẹ̀. Ojú tì mí. Mo ti máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, bí ẹni pé ọ̀pá mi jẹ́ ọwọ́ aago, láti ibi aago mẹ́wàá dé ibi aago méjì ni ó ń rìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ohun tí fídíò fi hàn ni pé ó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dé aago mẹ́ta lẹ́yìn mi, pé apá mi ń lọ jìnnà, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́, títí di ìgbà tí mo bá rí i pé okùn kò fẹ́ lọ, tí n ó wá ti ọ̀pá lójijì ní ìparí. Ọwọ́ gbọọrọ, ọwọ́ pẹ̀lẹ́: bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo tún fi yíǹkì sàmì sí okùn ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo sì ń fa ìlà sórí ìwé kékeré ní gbogbo ìgbà tí mo bá ju okùn lódò. Púpọ̀ jùlọ nínú ìlà yẹn bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 40. Ẹni tí ń ra ọ̀pá nítorí ẹsẹ̀ bàtà 80 tí ń bẹ nínú ìpolówó, irú èmi àtijọ́, ń ra ohun tí kò ní í lò.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣesí ọ̀pá kò ju ibi tí ó ti ń tẹ̀ lọ. Ọ̀pá kan wà tí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ó ń tẹ̀ tí ìyókù dúró gbọin. Ó ń yára nà padà. Òmíràn ń tẹ̀ dé àárín. Òmíràn sì ń tẹ̀ wálẹ̀ títí dé ẹ̀bá ibi ìdìmú, bí ọ̀pá oparun ti ń ṣe, àti ọ̀pọ̀ ọ̀pá fáíbà gíláàsì tí ó wà kí ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tó gbòde ní àwọn ọdún 1970. Bí ọ̀pá bá ṣe ń tẹ̀ tó ni apá gbọ́dọ̀ ṣe rìn jìnnà tó, kí ṣóńṣó ọ̀pá lè máa lọ ní ìlà tí ó tọ́. Bí apá bá rìn jìnnà tí ọ̀pá sì le, ṣóńṣó á lọ bí ẹni ya òṣùmàrè, ibi tí okùn ti ń ṣẹ́rí padà lójú òfuurufú á là gbàgà, gbogbo rẹ̀ á sì já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí apá bá kúrú tí ó sì yára, tí ọ̀pá sì rọ̀, ṣóńṣó á rì lágbedeméjì, okùn òkè á já lé okùn ìsàlẹ̀, kókó á sì ta. Títì tí mo ń ti ọ̀pá lójijì náà ń bí irú kókó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé àìsàn méjèèjì ni mo kó jọ sára ọ̀pá kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń lọ sódò ní ọ̀pá rírọ̀ tí kò lò mọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tiyín jù ú wò.” Wọ́n gbé e fún mi, wọ́n gba tèmi. Ọwọ́ wọn kúrú, ó sì yára bí ti ẹni tí ń kan ìṣó, nítorí náà ọ̀pá mi tí ó ti ń yọ mí lẹ́nu ń yọ okùn jáde lọ́wọ́ wọn bí ọfà. Èmi pàápàá, ní ìgbà kẹta tí mo ju tiwọn, mo gbọ́ bí okùn ṣe ń fa ọ̀pá sẹ́yìn títí dé àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò mọ̀ ọ́n lára rí. Wọ́n ní, “Ìwọ kọ́kọ́ dúró kí okùn nà tán lẹ́yìn kí o tó gbé e bọ̀ níwájú. Èyí á dúró dè ọ́.” Ṣùgbọ́n nígbà tí atẹ́gùn dìde, ó wá rọ̀ jù fún mi náà. Ó ti yé mi nígbà náà pé èyí tí ń tẹ̀ dé àárín, tàbí tí ó le ju ìyẹn lọ díẹ̀, ni n ó máa wá.

Mo yá ọ̀pá mẹ́rin láti dán wò lórí pápá koríko. Mo fi téèpù bo orúkọ ara wọn, nítorí mo mọ ara mi: orúkọ máa ń tàn mí. Ríìlì kan náà àti okùn kan náà ni mo lò fún gbogbo wọn, mo so fọ́nrán òwú pupa dípò ìwọ̀, mo sì ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ bàtà 20, 35 àti 50. Mímì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mi ọ̀pá nínú ilé ìtajà láìsí okùn lára rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Èyí tí wọ́n kọ “fast” (èyí tí ń yára nà padà) sí lára rọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ “medium-fast” (èyí tí kò yára tó bẹ́ẹ̀) sí, nítorí olùṣe kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Láti lè mọ òótọ́, mo lo ọ̀nà tí ẹnì kan tí ń jẹ́ William Hanneman gbé kalẹ̀ fún wíwọn líle ọ̀pá: mo de ibi ìdìmú mọ́ tábìlì kí ọ̀pá lè nà gbọọrọ, mo so àpò kékeré mọ́ ṣóńṣó, mo sì ń ju owó ẹyọ irú kan náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ṣóńṣó fi wálẹ̀ ní ìdá mẹ́ta gígùn ọ̀pá. Iye owó ẹyọ ni ó fi líle ọ̀pá hàn, láìka ohun tí wọ́n kọ sí i lára sí.

Mẹ́ta nínú wọn ṣe dáadáa ní ẹsẹ̀ bàtà 50. Ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ni wọ́n ti yà, nítorí níbẹ̀ okùn tí ó jáde kò wúwo tó láti tẹ ọ̀pá líle. Ọ̀pá kejì nìkan ni mo mọ̀ lára níbẹ̀, òun náà sì ni fídíò fi hàn pé ojú ibi tí okùn ti ń ṣẹ́rí padà kò fẹ̀ ju gígùn apá mi lọ.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo fi okùn nọ́ńbà 6 sára ọ̀pá mi àtijọ́, ó tẹ̀ dáadáa nítòsí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi mu. Ọ̀pọ̀ okùn tí wọ́n ń tà lónìí ni ó wúwo ju nọ́ńbà ara wọn lọ, nítorí irú ọ̀pá líle bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti mọ̀, owó okùn lásán ni ǹ bá kọ́kọ́ ná.

Ní ti iye owó, ibi tí olùṣe ti ń dín ìnáwó kù kì í sábà jẹ́ ara ọ̀pá. Kọ́ọ̀kì ibi ìdìmú ọ̀pá kejì kún fún ihò tí wọ́n fi àtè dí, ohun tí ó di ríìlì mú kò sì dán. Ìyẹn kò kàn mí. Ohun tí mo yẹ̀ wò fínnífínní ni oríkèé: mo ki wọn bọ ara wọn, mo mì í, mo tẹ́tí sí bóyá ó ń dún kẹ́kẹ́, mo sì gbé ojú sí ìdí ọ̀pá láti wò ó bóyá gbogbo òrùka tí okùn ń gbà kọjá tò tọ́. Mo tún ka ìwé àtúnṣe, torí ọ̀pá kábọ́ọ̀nù lè ṣẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo rí i pé wọn yóò pààrọ̀ ẹyọ tí ó bá ṣẹ́, n ó sì san owó díẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí téèpù kúrò lára ọ̀pá kejì, orúkọ tí n kò ní í yà wò rárá ni mo bá níbẹ̀. Mo rà á. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ sódò, kókó kan ṣoṣo ni mo tú, ìyẹn náà sì jẹ́ nígbà tí mo kánjú nítorí ẹja kan tí ó fò sókè lódìkejì. Ọ̀pá líle náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gan-an ni mo máa ń gbé e jáde, pẹ̀lú okùn nọ́ńbà 6.