Ọlọ́kẹ̀kẹ́ àti Awakọ̀ Lọ́nà Kétu: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ní Kétu ilẹ̀ Benin, kí oòrùn tó yọ, títì tó ti Ìpobẹ́ wá ti kún. Kámíọ́n tó ń lọ sí Ìlárá wà níbẹ̀, takisí tó fún èrò pọ̀ wà níbẹ̀, zémidjan, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, wà níbẹ̀, baṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, tó ru àgbàdo wà níbẹ̀, àgbẹ̀ tó fi kẹ̀kẹ́ ru àpò ẹ̀gẹ́ méjì náà wà níbẹ̀. Ọ̀dà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀.

Èmi tí mo kọ ìwé yìí ti wà lápá méjèèjì. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko fún ọdún púpọ̀, lẹ́yìn náà mo wa baṣé fún ẹlòmíì. Ohun tí mo rí ni pé nínú ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa lójú ọ̀nà, díẹ̀ ló jẹ́ ti ìwàkiwà. Èyí tó pọ̀ ni pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò mọ ohun tó wà níwájú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà kò mọ ibi tí ojú awakọ̀ mọ.

Etí títì

Awakọ̀ a máa bínú pé ọlọ́kẹ̀kẹ́ kò jẹ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé bàbá ẹ ló la ọ̀nà ni?" Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ sí èèyàn rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà létí títì fún yín, torí téèyàn bá jókòó sínú ọkọ̀, kì í rí i. Òjò máa ń fọ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà lọ díẹ̀díẹ̀ títí etí ọ̀dà yóò fi dà bí àtẹ̀gùn. Ibòmíì ga tó ìka mẹ́rin, ibòmíì dé agbede ojúgun. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá bọ́ síbẹ̀, á tún gòkè padà, awakọ̀ ò ní mọ̀ ju pé nǹkan gbo òun lọ. Ti kẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá bọ́ sísàlẹ̀, tí ẹ sì rọra yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹ lè gòkè padà, etí ọ̀dà á mú un, á máa rin ín lára, lójijì kẹ̀kẹ́ á dà yín sórí títì, síwájú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn.

Bí mo ṣe ṣubú lọ́jọ́ kan nìyẹn, pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì lẹ́yìn mi. Zémidjan tó ń bọ̀ yà fún mi, díẹ̀ ló kù. Ewúrẹ́ ló jẹ tòmátì náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kẹ̀kẹ́, ẹ máa fi bí apá kan sílẹ̀ láàárín kẹ̀kẹ́ yín àti etí ọ̀dà. Ẹ má gun orí etí gan-an. Bí ẹ bá ti bọ́ sísàlẹ̀, ẹ má gòkè lórí ìrìn. Ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wẹ̀yìn, kí ẹ fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú lé orí ọ̀dà kí tẹ̀yìn tó tẹ̀lé e. Ó ń gba àkókò, àmọ́ tòmátì ò ní dànù.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá fẹ́ kọjá, ẹ fàyè sílẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, òfin wọn sọ pé mítà kan láàárín ìlú, mítà kan àbọ̀ bí ìlú bá ti tán. Kò sẹ́ni tó ń gbé okùn ìwọ̀n sínú ọkọ̀, nítorí náà báyìí ni mo ṣe máa ń wọ̀n ọ́n: mo máa ń bi ara mi pé, bí ọkùnrin yìí bá ṣubú gbalaja sọ́dọ̀ mi nísinsìnyí, ṣé orí rẹ̀ á dé ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi fẹ́ gbà? Bó bá máa dé ibẹ̀, àyè náà kò tó. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú tí kò sì sí àyè, ẹ máa tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn títí àyè yóò fi yọ. Mo ti ka àkókò tí mo fi ń dúró bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣọ̀wọ́n kó tó ìṣẹ́jú kan.

Atẹ́gùn náà ń ṣe tiẹ̀. Bí kámíọ́n bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, atẹ́gùn iwájú rẹ̀ máa kọ́kọ́ ti ọlọ́kẹ̀kẹ́ síta. Bó bá ti ń kọjá lọ, atẹ́gùn náà á yí padà, á wá fà á sínú. Ẹni tó ti gbé ara lé atẹ́gùn láti fi dènà èyí àkọ́kọ́ ló máa ń ṣubú sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ tó bá gbọ́ ìró kámíọ́n, kó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ṣinṣin, kó sì dín eré kù. Bẹ́ẹ̀ ni kí awakọ̀ fọn fèrè látòkèèrè, lẹ́ẹ̀kan, ní rírọra. Fèrè tí wọ́n fọn séèyàn létí ń mú kó wẹ̀yìn, bó bá sì wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé ojú rẹ̀.

Ohun tí awakọ̀ kò lè ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ kì í dúró níbi tí ẹ bá fẹ́ kó dúró. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí awakọ̀ tó rí yín, kó tó lóye, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé ìjánu, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ, mítà 17 ti lọ, ọkọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ìjánu nílò kó tó dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wá fi òjò kún un, kí ẹ fi ẹrù àgbàdo kún un. Torí náà, kí ẹni tó fẹ́ sọdá títì níwájú kámíọ́n má ṣe fi jíjìnnà rẹ̀ nìkan ṣírò.

Awakọ̀ kámíọ́n kì í rí ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀, kì í sì í rí ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí ẹ kò bá rí ojú rẹ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín. Bí kámíọ́n gígùn bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún ní ìkóríta, iwájú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sósì, ẹ ó rò pé ó ń fún yín láyè. Ẹ má wọlé! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gba ibi tí iwájú gbà, inú ló ń gé sí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ wà.

Síbẹ̀, ẹrù náà kò dọ́gba, mi ò sì ní díbọ́n pé ó dọ́gba. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹni mílíọ̀nù 1.19 tí jàǹbá ojú ọ̀nà pa lágbàáyé ní 2021, ju ìdajì wọn lọ ló sì jẹ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọlọ́kẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Ẹni tí irin yí ká ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣọ́ra.

Ọwọ́ ọ̀tún

Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà ní Benin, kẹ̀kẹ́ náà kò yọ sílẹ̀. Àwọn àgbà wa tó ṣòwò lọ sí Mẹ̀kọ̀ àti Abẹ́òkúta nígbà kan rántí pé ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń gbà, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí wọ́n yí sí ọ̀tún. Lónìí kò sí àwíjàre mọ́ láti máa gba òdìkejì.

Mo mọ ohun tí ọlọ́kẹ̀kẹ́ ń sọ: "Mo fẹ́ máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀." Ìmọ̀ràn ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn, fún un ó dára. Ti kẹ̀kẹ́ yàtọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 60 tí kẹ̀kẹ́ sì ń sá 15, bí ẹ bá jọ ń lọ síbì kan náà, 45 ni ọkọ̀ fi ń sún mọ́ yín. Bí ẹ bá kojú ara yín, 75 ni. Yàtọ̀ síyẹn, awakọ̀ tó ń yọ láti ọ̀nà oko sí títì, ọwọ́ òsì ló ń kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bí ẹ bá gba òdì, ẹ̀yìn orí rẹ̀ lẹ ó bá.

Ẹrù, ìró, ilẹ̀kùn

Àpò tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ yọ síta ju èjìká yín lọ. Igi ìdáná ni kí ẹ dì lóòró, kì í ṣe ní ìbú; mo ti rí kẹ̀kẹ́ tó ru igi tó gba ìdajì títì, gbogbo ọkọ̀ ń bú u, òun náà ń bú wọn padà. Ẹ gbé èyí tó wúwo sísàlẹ̀. Okùn tó bá kù, ẹ ká a. Okùn gbọọrọ tó wọ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ a máa dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìró tí ìyá tó jókòó sẹ́yìn zémidjan ró: kó ká etí ìró náà sábẹ́ itan kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn tó ń ru kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, ní ìdì-ìdì, ẹ má tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí.

Nínú ìlú, ilẹ̀kùn takisí máa ń pa ọlọ́kẹ̀kẹ́ lára. Awakọ̀ tó jókòó lósì, kó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Èrò tó wà lọ́tùn-ún, kó fi ọwọ́ òsì ṣí tirẹ̀. Ẹ dán an wò: ara yín á yí, ojú yín á wẹ̀yìn fúnra rẹ̀.

Òru àti ọyẹ́

Lóru, àti ní àárọ̀ ọyẹ́ tí kùrukùru bá ti bo ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ tí kò níná kò sí níbẹ̀ lójú awakọ̀. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Bí owó iná kò bá sí, ẹ ra ike pupa tó ń dán padà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i, kí ẹ kàn án mọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sì wọ aṣọ funfun. Àwọn kan ń so CD àtijọ́ kọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ó ń ju iná síbòmíì bíi dígí ni, ó ṣòro kó dá a padà sójú awakọ̀. Awakọ̀ tó bá rí iná kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀, kó rẹ iná gígùn rẹ̀ sílẹ̀, kó má fọ́ ọ lójú.

Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Nígbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èèyàn á jókòó wo ìran mọ́jú, wọn á wá máa tò lọ sílé ní ìdájí, ojú wọn kún fún oorun, ẹ̀fẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin awakọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ yẹn, ẹ rọra.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Àṣà kan wà láàárín wa tí mi ò fara mọ́: pé ẹni tó wa ọkọ̀ ńlá ló jẹ̀bi, kí wọ́n tó bi í. Àṣà yẹn ló ń mú awakọ̀ sá lọ, tó ń fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má lu ẹnikẹ́ni. Ẹ rán ẹnì kan sí apá kọ̀ọ̀kan títì láti dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró. Ẹ má fa ẹni tó ṣubú ní apá, ẹ má gbé e jókòó, orí àti ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ dì mú kó má mì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀, ẹ má ṣí i wò léraléra. Ẹnì kan ní láti lọ pe àwọn onílera, kí ẹlòmíì ya fọ́tò ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ wà kí wọ́n tó kó wọn kúrò, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ òtítọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò àárọ̀

Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ dúró ti kẹ̀kẹ́ yín. Ẹ tẹ ìjánu iwájú dáadáa, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ṣì ń yí, ìjánu ti kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yìn. Ẹ fi ìka tẹ táyà wò, ẹ wo ṣéènì bó bá rọ̀ jù. Bí ìjánu méjèèjì kò bá mú, ẹ fẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà lónìí, kí ẹ sì tún un ṣe níbẹ̀ kí ẹ tó padà sílé.